Orí Bíbẹ́ Kọ́

Kí ó tó dé, ó máa ń ránṣẹ́.
Ìràwọ̀ wẹ́wẹ́ kan á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ojú mi òsì,
á máa tàn wìnnì-wìnnì bí Odò Ògùn lọ́sàn-án gangan,
owó tí èrò nà sí mi láti ojú wíńdò
á di ìdajì owó, ìdajì òfìfo.
Mo ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní Láfẹ́nwá.
Mo mọ ohun tó ń jẹ́ fèrè reluwé:
fèrè kọ́ ló ń tẹ ènìyàn pa,
ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn fèrè ni.

Túúlu ni màmá mi ń pè é.
Òun ló kọ́kọ́ ni ín, kó tó fi sílẹ̀ fún mi
pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ iyùn àti àpótí kan tí kò ní kọ́kọ́rọ́.
Ní Ìtòkò, á fi gèlè di orí pinpin,
á ti fèrèsé, á ní ká má fi ṣíbí kan abọ́.
Àwa ọmọ á máa yọ́ rìn bí olè nínú ilé ara wa.

Èmi ò lè ti fèrèsé. Èrò wà níbẹ̀.
Mo wá di ẹni tó ń gba oògùn lọ́wọ́ gbogbo ayé.
Mọ̀rẹ́nikẹ́ ní, "Gbé méjì yìí mì, ó wo tèmi."
Orí Mọ̀rẹ́nikẹ́ ló mọ̀, kò bá tèmi pàdé rí.
Ẹni tó ń polówó oògùn nínú ọkọ̀
po pupa mọ́ yẹ́lò, ó po funfun mọ́ wọn,
ó dì wọ́n sínú ọ̀rá fún mi.
Inú mi gbiná bí ààrò,
orí mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kan ilẹ̀kùn.
Nígbà tó yá, ojoojúmọ́ ni mò ń gbé pánádọ̀ mì,
ojoojúmọ́ náà ni orí ń fọ́;
n ò mọ èyí tó ń tẹ̀lé èkejì mọ́.

Àfi ọjọ́ tí mo bì sórí ìwé tíkẹ́ẹ̀tì,
tí ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Ṣóyọmbọ̀, gbé mi lọ sí Ìta-Ìyálóde,
sí ṣọ́ọ̀bù oògùn Ìyáàfin Ṣódípẹ̀.
Mo ní, "Ẹ fún mi ní èyí tó le jù."
Ó yọ awò ojú rẹ̀.
"Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Jókòó.
Apá ibo ló ń fọ́? Ṣé ó ń lù bí ìgbà tí wọ́n ń gúnyán?
Ṣé ọgbẹ́ inú ń dà ọ́ láàmú?
Ẹ̀jẹ̀ rẹ ńkọ́, ṣé ó ń ru?
Ìgbà wo lo rí nǹkan oṣù rẹ gbẹ̀yìn?"
Mo rò pé oògùn ni mo wá rà,
àṣé ara mi ni mo wá kà sókè bí ìwé.

Kò fún mi ní èyí tó le jù.
Ó kọ lẹ́tà sí dókítà kan ní Ìdí-Abà,
dókítà náà kọ orúkọ tí ahọ́n mi ò tíì lè pè tán:
wóró kékeré aláwọ̀ osùn,
àti òmíràn tí yóò di èébì lọ́wọ́ mú.
"Eléyìí kì í ṣe ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàìsàn.
Má bù fún ará ilé.
Má sì dúró kó dé kí o tó lò ó;
igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.
Bó bá ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́sẹ̀, padà wá."

Mo ra ìwé àkọsílẹ̀ ní Ṣápọ́n.
Ọjọ́ Ajé: oorun ò tó. Ọjọ́ Ẹtì: ebi, òórùn dísẹ́ẹ̀lì.
Mo lò ó ní aago mẹ́ta; ní aago márùn-ún, mo tún rí ojú èrò.
Ọjọ́ kejìdínlógún: kò ṣiṣẹ́. Mo pẹ́.
Ọjọ́ kẹtàlélógún: n ò pẹ́, síbẹ̀ kò ṣiṣẹ́. N ò mọ ìdí.

Wóró méjì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi báyìí, lábẹ́ ṣéńjì.
Gèlè màmá mi wà níbẹ̀ pẹ̀lú.
Fèrè dún láti ìhà Àrò.
Mo gbójú sókè, mo wo ẹ̀gbẹ́ òsì fínnífínní:
reluwé lásán ni.
Mo já tíkẹ́ẹ̀tì fún obìnrin tó ń lọ sí Ìbàdàn,
mo ka owó rẹ̀,
ó pé lójú mi.